Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra hẹ́dífóònù olówó ńlá ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó sanwó. Oníṣòwò kan tó ń polówó ọjà lórí WhatsApp, tó ní ìtòsí ọjà Ouando ni òun wà, ń ta DAC (ẹ̀rọ tó ń yí orin inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà padà sí iná tó ń gbé ohùn) pọ̀ mọ́ hẹ́dífóònù ńláńlá, ó sì ń fi dá àwọn oníbàárà lójú pé wọn kò nílò ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, mọ́ láé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì bá wọn tú ẹrù. Ihò méjì péré, pupa àti funfun, ló wà lẹ́yìn DAC náà, LINE OUT ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ihò tí ohùn ń gbà lọ sí ampilifáyà. Kò sí ihò hẹ́dífóònù, kò sì sí ohun tí a fi ń yí ohùn sókè tàbí sílẹ̀. Wáyà kékeré kan, olórí méjì, ni oníṣòwò náà fi so wọ́n pọ̀.

Ká ní irọ́ pátápátá ló ń pa ni, kì bá ṣòro láti já a. Òótọ́ ni pé àwọn DAC kan wà, bíi Chord Hugo, tí a lè ki hẹ́dífóònù bọ̀ tààrà, torí pé wọ́n ti ṣe ihò rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi lè gbé e. LINE OUT kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi fóltì 2 ló ń ti ibẹ̀ jáde, ẹ̀rọ tí ìdènà iná rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí ìdènà inú LINE OUT fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ohm 100, hẹ́dífóònù ohm 32 kò ní rí tó ìdá kan nínú mẹ́rin fóltì náà gbà. Hẹ́dífóònù HiFiMAN HE-6, tó jẹ́ ohm 50, tó sì ń fẹ́ agbára gidigidi, kò ní lè dún bó ti yẹ. Hẹ́dífóònù Sennheiser HD 600, tó jẹ́ ohm 300, lè dún sókè dáadáa ní tirẹ̀, ohun tó sì ń mú kí àwọn èèyàn gba oníṣòwò náà gbọ́ nìyẹn.

Etí ló ká mi lára jù. Bí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá ṣèèṣì gbé ohùn dé òpin, kò sí ohunkóhun lára DAC náà tí ẹ lè fi tètè dín in kù.

Nígbà tí a pe oníṣòwò náà, ó kọ̀ láti dá owó padà, ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá ra ampilifáyà lọ́wọ́ òun.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ lórí MoMo, ẹ ní kí ó ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà fún yín, kí ẹ sì béèrè iye mW (ìwọ̀n agbára iná) tó ń gbé fún iye ohm hẹ́dífóònù yín. Bí ó bá jẹ́ fóltì LINE OUT nìkan ló ń kà fún yín, ẹ má rà á.