Selenium Grid lórí sáfà tí mo háyà ní Jámánì: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ń lò ó

Selenium ni ètò tó ń fi kóòdù darí bíráwúsà láti dán wẹ́ẹ̀bùsáìtì wò; sáfà sì ni kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí mò ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Kí n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kí ìdánwò yín lè yá kíákíá lẹ fi fẹ́ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ fi owó yín sápò. Lápútọ́ọ̀pù tó bá dáa díẹ̀ máa ń yá ju sáfà olówó pọ́ọ́kú lọ. Ohun tí èmi rí gbà nídìí ẹ̀ ni pé bí iná bá lọ, ìdánwò mi kì í bá a lọ mọ́, kì í sì í jẹ dátà mi mọ́. Lójú tèmi, nǹkan méjèèjì yẹn tó ìdí láti sanwó.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa yẹ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wò kí oníbàárà tó fojú kàn án: ibi ìforúkọsílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń wá ọjà, ibi ìsanwó. Kóòdù ló ń ṣí bíráwúsà, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí, tó ń tẹ bọ́tìnnì dípò ọwọ́ mi. Bí ẹ bá ṣí Chrome mẹ́rin pọ̀ lórí lápútọ́ọ̀pù ní Ìbàdàn níbí, fáànù inú ẹ̀ á máa pariwo, bátìrì á máa sáré lọ sílẹ̀. Èyí tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn ni dátà. Selenium máa ń ṣí bíráwúsà tuntun tí kò rántí nǹkan kan fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà gbogbo àwòrán àti gbogbo fáìlì ojú ìwé náà ló ń wá sílẹ̀ lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá ń ra dátà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀fẹ́ ni Selenium fúnra rẹ̀. Jason Huggins ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2004 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ThoughtWorks ní Chicago. Grid ni ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ kí kóòdù wà níbì kan kí bíráwúsà sì wà níbòmíràn. Ẹ̀dà kẹrin, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ni mò ń lò, inú ẹ̀ ni wọ́n sì ti tún Grid kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìwó Road rí á tètè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kóòdù yín dé bí èrò, ó ní Chrome lòun ń wá. Distributor, ẹ̀yà Grid tó dúró bí agbèrò, á wo node (ẹ̀rọ tí bíráwúsà wà lórí ẹ̀, bí ọkọ̀) tó ní Chrome tí àyè ṣì wà nínú ẹ̀, á ní kó wọlé. Bí àyè ò bá sí, ó di kó tò sórí ìlà. Bí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi dúró kí wọ́n tó dá a padà. Iye bíráwúsà tí node kan sì máa gbà kì í ju iye ọpọlọ (CPU core) tí ẹ̀rọ náà ní lọ. (Agbèrò tiwa ì bá ti ní kí wọ́n súnmọ́ra.) Mo fẹ́ràn pé kì í kó ẹrù tí ò lè gbé.

Gbígbé e kalẹ̀ kò le rárá, pàápàá bí ẹ bá gba ọ̀nà Docker, tó ń kó ètò kan àti gbogbo ohun tó nílò sínú àpótí kan (container). Àṣẹ kan ṣoṣo ni:

docker run -d -p 127.0.0.1:4444:4444 -p 127.0.0.1:7900:7900 --shm-size="2g" selenium/standalone-chrome

Ẹ má ṣe yọ shm-size yẹn kúrò. Docker kì í fún àpótí kọ̀ọ̀kan ju 64 MB lọ níbi tí Chrome ti ń pín ìrántí lò, ojú ìwé tó bá wúwo á sì kàn kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láìsọ ìdí tó yé èèyàn. Pọ́ọ̀tì ni ẹnu ọ̀nà tí ètò kan ń gbà bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Pọ́ọ̀tì 7900 ni èyí tó ń dùn mọ́ mi jù: ẹ ṣí i nínú bíráwúsà yín (mo sọ bí mo ṣe ń ṣe é láti ilé nísàlẹ̀), ẹ fi "secret" ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ ó sì máa wo Chrome tó wà ní Jámánì bó ṣe ń tẹ nǹkan fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀nba ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn. Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ ni ibi tí ẹ máa fi kóòdù sí. Àlàyé tí ẹ máa rí káàkiri ni pé kí kóòdù wà lórí lápútọ́ọ̀pù yín, kí ẹ kàn júwe àdírẹ́ẹ̀sì sáfà fún un. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí Selenium ṣe ń bá bíráwúsà sọ̀rọ̀, bí ìlànà WebDriver tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí lọ́dún 2018 ṣe là á sílẹ̀. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ló ń dá gba orí HTTP, ọ̀nà tí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù ń gbà, lọ. "Wá bọ́tìnnì yìí rí": ó lọ, èsì padà. "Tẹ̀ ẹ́": ó lọ, èsì padà. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?": ó tún lọ. Nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ìrìn yẹn kò tó nǹkan. Láti Ìbàdàn dé Jámánì, àlọ àti àbọ̀ kan lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe dáadáa. Ìdánwò tó bá ní igba àṣẹ nínú á ti lo ogún ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà lásán. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá já láàárín, ìdánwò á pupa (ìyẹn ni pé ó kùnà), ẹ ó sì máa wá àṣìṣe tí kò sí nínú wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà kiri.

Ẹ gbé kóòdù náà lọ bá bíráwúsà níbi tó wà. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa fi git (ètò tó ń tọ́jú kóòdù) fa kóòdù sórí sáfà, máa gba SSH (ọ̀nà ààbò láti pàṣẹ fún sáfà láti ọ̀nà jíjìn) wọlé, máa ṣí tmux, máa sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò níbẹ̀. Tmux ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ dúró bí SSH bá já. Kí iná lọ, kí dátà tán, kí n pa lápútọ́ọ̀pù dé kí n lọ wá àmàlà jẹ, àbájáde á ti wà nílẹ̀ dè mí. Nǹkan tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì mi kò ju ọ̀rọ̀ tí mò ń tẹ̀ àti èsì tó ń padà wá lọ, àfi ìgbà tí mo bá fẹ́ wo 7900 tàbí tí mo bá fẹ́ gba àwòrán ibi tí ìdánwò ti kọsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣe é fojú kékeré wò. Bí wọ́n ṣe ń kó Grid jáde, kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan lẹ́nu ọ̀nà 4444, pọ́ọ̀tì tí kóòdù ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè pàṣẹ fún un. Ní oṣù keje ọdún 2024, àwọn oníwàádìí ní ilé-iṣẹ́ ààbò Wiz tú àṣírí àwọn kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n pe iṣẹ́ ibi náà ní SeleniumGreed. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ Grid pé kó ṣí Chrome, àmọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n júwe Chrome sí, Python, ètò tó lè ṣe kóòdù èyíkéyìí tí wọ́n bá fún un, ni wọ́n á júwe. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ráàyè wọ ẹ̀rọ olóhun, tí wọ́n á gbé ètò XMRig sí i, tí ẹ̀rọ náà á máa wa Monero, irú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, fún wọn, tí ẹlòmíràn á máa san owó sáfà. Ìdí tí 127.0.0.1, àdírẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè dé ibẹ̀, fi wà nínú àṣẹ tí mo kọ sókè nìyẹn. Ẹ má sì gbójú lé ufw (ètò tó ń ti pọ́ọ̀tì lórí Linux) nìkan, torí Docker máa ń kọ òfin tirẹ̀ sínú iptables, ìwé òfin nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú Linux, pọ́ọ̀tì tí ẹ bá fi -p ṣí fún gbogbo ayé á kọjá lára ufw bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wo 7900 láti ilé, ssh -L 7900:localhost:7900, tó ń gba inú SSH so pọ́ọ̀tì sáfà mọ́ lápútọ́ọ̀pù mi, ni mò ń lò.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà. UTC (aago àjọlò gbogbo ayé) ni aago inú àpótí Docker náà, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀, nítorí náà ìdánwò tó bá ń yẹ "ọjọ́ òní" wò lè yege lọ́sàn-án kó kùnà lẹ́yìn agogo méjìlá òru; ẹ fi -e TZ=Africa/Lagos kún àṣẹ yẹn. Bí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín bá ní èdè Yorùbá nínú, iṣẹ́ ṣì kù. Lẹ́tà "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ẹnì kan lè fi "ẹ" àti àmì ohùn kọ ọ́, ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ kọ "é" kó tó fi àmì abẹ́ sí i. Ọ̀kan náà ni lójú wa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú kóòdù. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì di NFC, ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀, kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Ẹjọ́ tí mo ní, ilé-iṣẹ́ tí mo háyà sáfà lọ́wọ́ wọn ni mo fẹ́ rò ó mọ́, mi ò ní dárúkọ wọn. Owó Yúró ni wọ́n ń gbà, káàdì náírà mi kì í sì í gba ibẹ̀ kọjá nígbà míràn, ó di kí n wá ẹni bá mi san án. Wọ́n tún máa ń pa sáfà lóru láti tún nǹkan ṣe, ìwé tí wọ́n fi ń sọ fún èèyàn á wá dé lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Kò yẹ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ kò pọ̀, tí kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba lórí GitHub, ibi ìtọ́jú kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, GitHub Actions, ẹ̀yà rẹ̀ tó ń ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀, á ṣe é fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń lo fóònù kékeré lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dúró níbì kan, Chrome tó jókòó sí Jámánì pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré kò lè sọ bí ojú ìwé náà ṣe ń rí lọ́wọ́ wọn fún un. Ó ṣì nílò fóònù gidi lọ́wọ́. Safari, bíráwúsà Apple, náà ò sì lè ṣiṣẹ́ lórí sáfà yìí, torí orí ẹ̀rọ Apple nìkan ló wà, kì í sì í gbà ju ìdánwò kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní báyìí, Mac ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ń yá lò fún ìyẹn.