Àgbéyẹ̀wò Ìrìn Ẹsẹ̀ Kan Nínú Ìlú Èbúté Göteborg, ní Swídìn

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń gbé ní Göteborg, ṣùgbọ́n èmi kò dé ibẹ̀ rí títí di oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí màmá wa wá láti Ẹ̀pẹ́ láti wo àwọn ọmọ-ọmọ wọn, tí èmi náà sì wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù lọ bá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti sanwó fún ìrìn ẹsẹ̀ kan tí afinimọ̀nà ń darí ní àárín ìgboro, 300 kúrónà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì ni ilé iṣẹ́ náà kọ sínú ìpolówó wọn, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni a lò. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún wa, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ mú àgbàlagbà dání lọ.

A pàdé ní Gustaf Adolfs torg, ojúde kan ní àárín ìgboro, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, lẹ́bàá ère ọba tó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1621. Ère náà na ìka sí ilẹ̀, àwọn ará ìlú sì máa ń sọ pé ibi tí ọba fẹ́ kí a kọ́ ìlú sí ló ń tọ́ka sí. Ìdí ère yìí ni mo ti mọ̀ pé afinimọ̀nà wa mọṣẹ́, nítorí kò kàn to ọdún àti oyè sílẹ̀ fún wa. Ó ní ère àkọ́kọ́ tí wọ́n rọ fún ìlú náà kò dé ibẹ̀ rárá: ọkọ̀ tó gbé e kàgbákò nítòsí erékùṣù Helgoland, àwọn tó yọ ọ́ nínú òkun béèrè owó gọbọi, àwọn ará Göteborg sì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí a rọ òmíràn. Ìkejì yìí ni wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ọdún 1854. Ti àkọ́kọ́ di ti ìlú Bremen ní Jámánì. Màmá wa ní àwọn ọlọ́jà nìyẹn, pé ẹni tó bá jẹ́ kí olówò mọ̀ pé òun kò lè ṣe kí òun má ra ọjà náà yóò san ju iye rẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀ a tẹ̀lé Stora Hamnkanalen, odò àfọwọ́gbẹ́ tó la ìgboro já lọ sínú odò Göta älv. Àwọn ará Hólàǹdì ni ọba pè láti wá gbẹ́ irú àwọn odò wọ̀nyí, nítorí amọ̀ rírọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, àwọn ló sì mọ bí a ti ń kọ́ ilé sórí ilẹ̀ olómi láìrì. Lẹ́bàá odò náà ni ilé ńlá alábíríkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ostindiska huset, tó ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú báyìí. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1731 ló ni ín. Kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé ní ọdún 1813, ìgbà 132 ni ọkọ̀ wọn ti lọ sí ìlà oòrùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ sí Canton ní Ṣáínà. Wọ́n máa ń yà ní Cádiz láti gba fàdákà, wọn a sì kó tíì, àwo tánganran àti aṣọ sílíìkì bọ̀. Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni ti ọkọ̀ Götheborg, tó ti lo ọdún méjì àti ààbọ̀ lójú òkun, tó sì rì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1745 ní ẹnu èbúté gan-an, nígbà tí ilé ti ń wò wọ́n lójú. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n àpáta kan lábẹ́ omi ni wọ́n gùn lé, bẹ́ẹ̀ ni atukọ̀ tó mọ ọ̀nà náà bí ẹní mowó ló wà nínú ọkọ̀.

Títí dé ibẹ̀, n kò rí nǹkan kan tí mo lè sọ lòdì sí ìrìn yìí. Nígbà tí a dé ìpẹ̀kun odò àfọwọ́gbẹ́ náà, níbi tí ó ti ń wọnú Göta älv, afinimọ̀nà wa nawọ́ sí omi, ó ní kí a ya fọ́tò, ó sì ń lọ. Mo ti rí orúkọ ibẹ̀ lórí máàpù: Franska tomten, èyí tó túmọ̀ sí ilẹ̀ àwọn Faransé. Mo bi í léèrè ohun tí ilẹ̀ Faransé ń wá nínú èbúté Swídìn. Ó dúró, ó wò mí, ó sì dáhùn láìfi nǹkan kan pamọ́. Ní ọdún 1784, ọba Swídìn gba erékùṣù Saint-Barthélemy ní Kàríbíánì lọ́wọ́ àwọn Faransé, òun náà sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti máa kó ọjà wọn pamọ́ sí èbúté Göteborg láìsan owó ibodè. Lẹ́yìn ọdún méjì wọ́n dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún òwò ìhà ibẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì fún un láyè láti máa fi ènìyàn ṣòwò. Ọdún 1847 ni oko ẹrú dópin ní erékùṣù náà, Swídìn sì dá a padà fún Faransé ní ọdún 1878.

Àwọn mẹ́rìnlá ni a wà nínú ẹgbẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Màmá wa, tí ẹ̀gbọ́n mi ń túmọ̀ fún, ní kí ó tún un sọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n béèrè pé ṣé àwọn èèyàn tí wọ́n tà níbẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wa ni. Afinimọ̀nà náà ní láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kàríbíánì ti wá, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ ohun tí kò dá òun lójú nípa ìlú kọ̀ọ̀kan. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdáhùn yẹn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé ìbéèrè mi ló mú un jáde. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ìtàn tíì àti tánganran lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ti ènìyàn, nítorí ojú omi kan náà ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Lẹ́yìn náà ni a dé Feskekôrka, ọjà ẹja tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1874. Ó jọ ilé ìjọsìn débi pé ṣọ́ọ̀ṣì ẹja ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Kò sí òpó kankan nínú rẹ̀, igi òrùlé ló so ara rẹ̀ ró láti ògiri dé ògiri. Ó ti wà ní títì fún ọdún díẹ̀ fún àtúnṣe kí wọ́n tó ṣí i padà ní ọdún 2024. Ìgbà tí màmá wa fi ta ẹja lé ní ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà àwọn ni afinimọ̀nà wa níbẹ̀. Wọ́n wo ojú ẹja, wọ́n ní kí ọlọ́jà ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ ẹran ara rẹ̀ wò, wọ́n sì ní ẹja náà tútù dáadáa, pé owó rẹ̀ nìkan ni kò dára. Ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín, ó sì bu edé díẹ̀ fún wọn láti tọ́ wò. Ogún ìṣẹ́jú ni a lò níbẹ̀, ì bá sì wù mí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àdúgbò Haga, ohun tó yẹ kí ẹ wò ni àwọn ilé alájà mẹ́ta tí ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ òkúta tàbí bíríkì, tí àjà méjì òkè sì jẹ́ pákó. Òfin nítorí iná kò gbà kí ilé pákó ju àjà méjì lọ, wọ́n sì tipa báyìí rí àjà kẹta. Àwọn tó lókun gun àtẹ̀gùn lọ sí Skansen Kronan, ilé olódi tó dé adé wúrà lórí òkè, láti ibi tí a ti ń wo èbúté àti àwọn ọkọ̀. Màmá wa kò gùn ún. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti kọfí àti búrẹ́dì dídùn kan tó fẹ̀ ju àwo lọ.

Àwọn àléébù tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà náà, ó sì máa ń fìyà jẹ orúnkún. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ni kí ẹ wọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ṣètò fún ìgbọ̀nsẹ̀ kí a tó dé Haga. Ariwo tíráàmù bo ohùn afinimọ̀nà mọ́lẹ̀ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ sún mọ́ ọn. Káàdì ni a fi san gbogbo ohun tí a rà. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kò sídìí láti kánjú, nítorí ní oṣù Keje, aago mẹ́wàá alẹ́ lè máa lù kí ojú ọjọ́ ṣì mọ́ kedere.

Järntorget ni a ti túká, ojúde tí wọ́n ti ń wọn irin tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó o wọkọ̀. Ìsun omi kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1927, pẹ̀lú ère obìnrin márùn-ún tó dúró fún ilẹ̀ márùn-ún ayé. Màmá wa yí i ká títí wọ́n fi rí ti Áfíríkà, wọ́n sì dúró tì í kí n ya wọ́n ní fọ́tò.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún wọn ní mẹ́rin. Ẹ mú ti aago mẹ́wàá àárọ̀ kí ẹ lè dé ọjà ẹja kí èrò tó pọ̀, ẹ sọ nípa àgbàlagbà tí ẹ bá mú dání nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ sì béèrè nípa Franska tomten kí wọ́n tó ní kí ẹ ya fọ́tò.