Wọ́n ní 2L ni ẹ́ńjìnì Hilux mi: bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá Lafẹnwá

Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń fi Hilux 1992 yìí kó ẹ̀gẹ́ láti Ọdẹ́dá wá sí Lafẹnwá. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì 2L ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣáà ti ń gbé ẹrù gun òkè, kí ló kàn mí? Àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, tí gásíkẹ́ẹ̀tì orí, ìyẹn pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti bulọ́ọ̀kù tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnì, sì jó.

Mẹkáníìkì mi àtijọ́ sọ orí ẹ́ńjìnì kalẹ̀, ó ní kí n lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì 2L. Nígbà tó tẹ́ ẹ lé bulọ́ọ̀kù, etí irin rẹ̀ yọ sínú ihò písítìnì. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Mo ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ, bákan náà ló rí. Ọlọ́jà kò gba ìkankan padà. Owó méjì wọgbó.

Awakọ̀ kan ló júwe Bàbá fún mi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó sọ irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú ọkọ̀ àtijọ́ fún ẹ kí o tó náwó. 6,000 náírà ló gbà. Aago mẹ́jọ ló dá fún mi, ó kù díẹ̀ kó lu mọ́kànlá kó tó yọjú. Inú ti ń bí mi.

Ó kọ́kọ́ ka pẹlẹbẹ irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. LN ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì. Níwájú ENGINE, 2L, 2446 CC (CC ni ìwọ̀n bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó). Ó ní L yẹn ni ìdílé ẹ́ńjìnì náà. Ká ní RN ni, ìdílé R, bíi 22R tó ń lo bẹntiróòlù. YN sì jẹ́ ti ìdílé Y.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò rí i pé 2L ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tí wọ́n bí i mọ́ nìyẹn. Ta ló sọ fún ẹ pé òun náà ló ṣì wà níbẹ̀?"

Ó da dísẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ bulọ́ọ̀kù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gírísì dúdú tó ti gan mọ́ ọn, ó nù ún gbẹ, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun kùn ún. Ó fi àtàǹpàkò nu òkè rẹ̀, ìyókù dúró sínú ibi tí wọ́n tẹ̀ sára irin: 3L, nọ́ńbà sì tẹ̀lé e. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó fi kálípà wọn ihò písítìnì: mílímítà 96. Ti 2L, 92 ni. 5L tó tún jọ wọ́n, 99.5. Ohun tó ń ti etí gásíkẹ́ẹ̀tì mi yọ nìyẹn. Ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì kí ọkọ̀ tó dọ́wọ́ mi. 2779 CC ni mo ti ń wà láìmọ̀. Abájọ tí òkè kì í fi dà á láàmú!

Bàbá kì í kọ nǹkan sílẹ̀, kò ní rìsíìtì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì sọ nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnì mi kan nù. Fóònù ni mo fi ya nọ́ńbà náà, mo sì dúpẹ́ pé mo yà á, torí kò bá ti inú ìwé ọkọ̀ mi mu. Ìwé ọ̀hún ni mò ń tún ṣe lọ́wọ́ báyìí, kí ọlọ́pàá má baà kọ́kọ́ rí i.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Aago mẹ́jọ yẹn ló jẹ ẹyọ kan.

Gásíkẹ́ẹ̀tì 3L ti wọlé, ọkọ̀ ti padà sí ọ̀nà oko. Méjì ti 2L ṣì ń fì lórí ìṣó lẹ́yìn ilé mi. Ẹni tó bá ní 2L tòótọ́, kó wá bá mi ná an.