Fíìmù Dovbush: ti 1959 ni àbí ti 2023?

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Oleksa Dovbush, olórí ọlọ́ṣà orí òkè Carpathia ní Ukraine, tí wọ́n ní ó ń gba tọwọ́ olówó fún tálákà, á bèèrè fíìmù tí òun máa wò: ti 1959 tí wọ́n ṣe láyé Soviet, àbí ti 2023 tí Oles Sanin darí?

Ojú Soviet ni ti àtijọ́ fi wo ọ̀rọ̀: tálákà dojú kọ olówó, ó parí. Ti Sanin lé ní wákàtí méjì, ó sì fi ìjà ọmọ ìyá kún un: owó ni Ivan ń wá, ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ni Oleksa ń jà fún. Ibẹ̀ ló ti wọ̀ mí lára jù. Ẹ tún wo aṣọ àwọn Hutsul, ìyẹn àwọn èèyàn orí òkè Carpathia: ẹ̀wù awọ àgùntàn tí wọ́n fi òwú aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àáké kékeré tí èèkù rẹ̀ gùn lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ o, ẹ má fi síwájú ọmọdé.



Bí ẹ bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí sinimá Soviet ṣe ń lo akọni ìbílẹ̀, ẹ wá ti 1959. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé lẹ fẹ́ fi gbádùn, ti 2023 ni. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ wò ó bóyá ìtumọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó náwó.