Ẹ̀kọ́ kóòṣì ìrìnàjò ní Adó-Èkìtì: ta ni kó lọ, ta ni kó fi owó rẹ̀ sápò

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ará ilé, ará ìjọ àti aládùúgbò máa ń sáré wá bá kí wọ́n tó rìnrìn àjò, tí ẹ sì fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́, ẹ lọ ṣe ẹ̀kọ́ kóòṣì ìrìnàjò yìí, ìyẹn ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Bó bá jẹ́ físà ara yín lẹ ń wá, tàbí ẹnì kan ló sọ fún yín pé owó dọ́là ń bẹ nídìí rẹ̀, ẹ mú owó yín lọ ṣe nǹkan mìíràn. 60,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ìdajì kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì kí a tó parí. Owó oṣù tíṣà ni mo fi san án, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀dùn ọkàn tí mo ní, mo ti sọ ọ́ fún olùkọ́ wa lójúkojú, nítorí náà mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ wọn síbí.

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọdọọdún la máa ń kó wọn lọ wo ibì kan, èmi ni wọ́n sì máa ń fi ètò rẹ̀ lé lọ́wọ́: ọkọ̀, oúnjẹ, ìwé ìyọ̀ǹda òbí, ta ló ní ikọ́ fée, ta ni èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ lọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ilé-ìwé, ó di ti ilé. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan á pè mí lálẹ́: “Àǹtí, ẹ má bínú o, ìyá ọkọ mi ń lọ sí London, wọn ò wọ bààlúù rí, kí la máa ṣe?” Mo máa ń dá wọn lóhùn, wọ́n á sì gbàdúrà fún mi. Mo ń ṣe àmín sí i tọkàntọkàn, àmọ́ mo fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ gidi lè jáde níbẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àjìlòsùn ni wọ́n ti ń kọ́ wa, ọjọ́ Sátidé nìkan, àárọ̀ títí di ọ̀sán. Iná sólà wà, àga wọn dáa, omi tútù wà. Oúnjẹ kò sí nínú owó náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní Adó tí ó ní òun ò rí iyán jẹ, kò wá a ni. Olùkọ́ wa ti bá àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ìgbà pípẹ́ kó tó padà sílé. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, àti bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàápàá.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó yé wa ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ yìí àti ti ejẹ́ńtì. Ejẹ́ńtì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àti hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń jèrè lórí ohun tó tà. Kóòṣì kò ta nǹkan kan. Ó jókòó ti ẹni tó fẹ́ lọ, ó ń bi í ní ìbéèrè títí onítọ̀hún á fi mọ ìdí tí òun fi ń lọ, iye tí apá òun ká, ohun tó ń dẹ́rù ba òun, àti ohun tí òun máa ṣe bí nǹkan kò bá rí bí òun ṣe rò. Lẹ́yìn náà, onítọ̀hún á ṣe ètò náà fúnra rẹ̀, kóòṣì á wà nítòsí. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò wọ̀ mí lára. Ó wọ̀ mí lára ní Àjìlòsùn nítorí bí Màmá ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe é.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, kò sí máàpù, kò sí ọ̀rọ̀ bààlúù. Ó pín wa ní méjì-méjì, ó ní kí a bi ẹnì kejì wa léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù nípa ìrìnàjò, kí a má sì gbà á nímọ̀ràn rárá. Ká ṣáà máa béèrè. Bàbá tó jókòó tì mí kọ́kọ́ ní owó ni. Mo béèrè síwájú sí i. Ó ní bóyá òtútù. Mo tún béèrè. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ jáde: etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, ẹ̀rù sì ń bà á kí òṣìṣẹ́ ẹnubodè má bi í ní nǹkan lójú ènìyàn kí òun sì dáhùn òdì, kí wọ́n wá rò pé irọ́ lòun ń pa. Ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó wá kí òun ní Kánádà. Gbogbo ilé rò pé bàbá kò fẹ́ náwó ni. Kò sí ejẹ́ńtì tí ì bá mọ èyí, kódà èmi náà, ká ní mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé báńkì tó yẹ kó kó jọ fún un ni, mi ò ní gbọ́ ọ. Ìwé kékeré kan tó ń sọ ipò etí rẹ̀, ibi tó máa wọ̀ sí àti nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, tí á kàn nà sí òṣìṣẹ́ náà, ló yanjú ohun tí owó rẹpẹtẹ kò lè yanjú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé owó mi kò ṣòfò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ tí a ṣe ti ìyá tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní ìlú Ọba. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyá náà, èdè Èkìtì ló sì ń sọ látòkè délẹ̀. Ó ń bínú, ó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wa lẹ́nu, ó ní kí ni àwọn òyìnbó fẹ́ fi ìwé oko òun ṣe. Àwa ní láti jẹ́ kó yé e, láì bá a jà, pé físà àlejò kì í fúnni láyè ju oṣù 6 lọ, pé kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ owó níbẹ̀, àti pé ẹni tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò fẹ́ mọ ohun tó máa mú un padà wá sí Èkìtì. Oko kòkó, owó ìfẹ̀yìntì, ọkọ tó wà nílé, gbogbo rẹ̀ ló ní bí a ṣe ń fi ìwé tì í lẹ́yìn.

A wá dé orí ẹrù. Ẹran ìgbẹ́ ni “ìyá” wa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ ti Nàìjíríà wọ ìlú Ọba nínú ẹrù èrò ọkọ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbà á. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wa sọ èyí bí ẹni ń ka òfin. Màmá dá a dúró: “Ẹran tí mo yan fún ọmọ mi lò ń pè ní ẹrù òfin? Kí mi kú iṣẹ́ ná.” A tún un ṣe, a tún un ṣe. Ọmọbìnrin kan ló rí ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Yàtọ̀ sí ẹran yìí, kí lọmọ yín máa rí tí á fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ dé?” Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọ̀já tí òun fi pọ̀n ọ́n. Ọ̀já kò wúwo, òfin kankan kò sì kọ̀ ọ́. Mo ti lo irú ìbéèrè yẹn láti ìgbà náà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan béèrè bóyá a lè bá oníbàárà yá owó sínú àkáǹtì kí ìwé báńkì rẹ̀ lè gbayì. Màmá ní rárá, kò sì fi ẹ̀rín sí i. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá fi irọ́ wá físà ìlú Ọba, wọ́n lè tì í ní ilẹ̀kùn fún ọdún 10, àti pé kóòṣì tó bá gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ọdún 10 ọmọ ọlọ́mọ ló fi tọrẹ. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú wa ń rí lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ jáde nílùú yìí, mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ iṣẹ́ yìí máa sọ ọ́ báyẹn, kedere, láì fi epo bọ̀yọ̀.

Ìdánwò wa, Ìkógòsì la ti ṣe é. Kálukú ní láti wá ẹnì kan tí kò dé ibẹ̀ rí, kó tọ́ ọ sọ́nà láti ilé dé ibẹ̀, kó má sì pinnu ohunkóhun fún un. Ìyá àgbà kan láti ìjọ wa ni mo mú, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. A gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àràmọkọ kọjá. Gbogbo ayé mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù pàdé ní Ìkógòsì. Ohun tí ẹni tó ń múni lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé níbi orísun rẹ̀, omi náà gbóná tó nǹkan bí 70°C, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ibi tó ti pàdé èyí tó tutù, tó ti wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 37°C, ni ẹni tí orúnkún ń dùn ń wá. Ìyá àgbà náà sì fẹ́ dé ìṣàn omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, tó wà lórí òkè. Ó ń ṣe mí bíi kí n ní rárá. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn dípò rẹ̀ pé, “Màmá, bí ẹ bá dé ibi tí ẹsẹ̀ kò fẹ́ gùn mọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká ṣe é?” Wọ́n ní àwọn á jókòó síbi tó bá rẹ àwọn, àwọn á máa gbọ́ ohùn omi, kí àwa máa lọ. Wọ́n rìn jìnnà ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìrìnàjò Gánà gba ojú ọ̀nà, wọ́n kàn fọwọ́ bà á ni: Sẹ̀mẹ̀, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Accra, ọjọ́ 90 láì gba físà fún ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS, owó CFA ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kó tó di sídì Gánà, káàdì abẹ́rẹ́ àrùn ibà pọ́njú, èyí tí kò tún ń parí títí ayé láti ọdún 2016. Ó yẹ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí irú ìrìnàjò yìí ni apá ọ̀pọ̀ tíṣà, oníṣòwò àti ẹgbẹ́ ìjọ ní Èkìtì ká.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí a béèrè iye tó yẹ kí kóòṣì máa gbà, ìdáhùn tí a rí ni pé ká máa wo ojú ẹni. Kò tó. Níbí, ẹni tí kì í bá ṣe ẹbí ẹni, ará ìjọ ẹni ni, tàbí òbí akẹ́kọ̀ọ́ ẹni. Bí mo bá ní kí n máa wo ojú, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà pé ìmọ̀ràn kì í gba owó. Wọ́n á san fún ẹni tó na bébà sí wọn, wọn ò ní fẹ́ san fún ẹni tó jókòó tì wọ́n láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ti jẹun nídìí iṣẹ́ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ owó tí ẹnu kì í fi í wúwo, ìyẹn gan-an la sì sanwó láti gbọ́.

Fúnra mi ni mo wá ọ̀nà tèmi. Ìjókòó àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, kó má ju ìdajì wákàtí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, 15,000 náírà ni fún ètò kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. A kọ ọ́ sílẹ̀, a jọ fọwọ́ sí i, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé owó náà kì í ṣe ti físà, ì báà jáde, ì báà má jáde. Àwọn kan bínú, wọ́n lọ. Àwọn tó dúró ló ń mú ẹlòmíràn wá. Kò tíì tó owó oṣù, mi ò sì tíì fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Ìwé tí wọ́n pín fún wa náà ti pẹ́ jù. 50,000 náírà ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún pásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32, bẹ́ẹ̀ ó ti di 100,000 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí èyí tó ní ojú ewé 64, tó ń lo ọdún 10, sì ti di 200,000. Ẹ ro ti àgbẹ̀ tó wọkọ̀ wá sí Adó láti abúlé pẹ̀lú ìdajì owó, torí pé kóòṣì rẹ̀ ka ìwé àtijọ́ fún un.

Ìwé ìpolówó wọn tún ní ìwé-ẹ̀rí náà jẹ́ ti àgbáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. ICF, ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì lágbàáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ń béèrè ó kéré tán wákàtí 60 ẹ̀kọ́ àti wákàtí 100 tí èèyàn ti fi tọ́ oníbàárà sọ́nà kó tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí ACC, ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀. Wákàtí tí a lò ní Àjìlòsùn kò sí lára èyí tí wọ́n ń kà. Nígbà tí mo béèrè, Màmá gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò fi bò mí lójú. Ṣùgbọ́n ìwé ìpolówó náà ṣì wà lára ògiri lọ́jọ́ tí a parí.

Wọ́n ti ń gba orúkọ fún kíláàsì tó ń bọ̀. Bí ẹ bá lọ, kí ẹ tó san ìdajì kejì, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n tún ṣe, kí ẹ sì béèrè Sátidé kan gbáko lórí owó. Màmá ti ṣèlérí méjèèjì fún mi.