Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra Land Rover ológun pẹ̀lú rédíò inú rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ẹ ń wá Land Rover tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti lò rí, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó kówó lé oníṣòwò lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́nà Kútọnu ti gba owó mi, ó sì gbé òfìfo fún mi.

Irú tí wọ́n ń pè ní FFR ni mo rà, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ fún rédíò. Iná rẹ̀ kì í ṣe 12 fólítì bíi ti mọ́tò tí a ń gùn kiri, 24 ni. Bátìrì méjì wà fún ọkọ̀, méjì mìíràn wà fún rédíò, alternator ńlá tó ń pèsè 90 amp ló sì yẹ kó máa gba iná sí wọn. Rédíò náà ni VRC-353, ọ̀kan nínú àwọn rédíò ológun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Clansman, tó ń ṣiṣẹ́ láti 30 dé 75.975 MHz, tí agbára rẹ̀ sì tó 50 wáàtì. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní òpè.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó tan rédíò náà. Iná ojú rẹ̀ tàn, ariwo ṣáá jáde, ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ń ṣiṣẹ́.” Ó ń ṣiṣẹ́! Ariwo yẹn kò fi nǹkan kan hàn ju pé apá tó ń gbọ́rọ̀ ṣì wà láàyè. Mo ní kí a fi sọ̀rọ̀ wò, ó ní a kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ARCEP, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀. Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn: òtítọ́ ló fi bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e délé, bátìrì rédíò kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ ó ti gba owó bátìrì tuntun lọ́wọ́ mi! Mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Alternator mọ́tò kékeré, oní 12 fólítì, ni wọ́n gbé síbẹ̀. Wáyà ńlá tó yẹ kó lọ sí ibi rédíò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gé e, wọ́n fi téèpù dúdú wé orí rẹ̀, wọ́n sì tì í bọ ẹ̀yìn irin, kò lọ síbi kankan. Mo tú àpótí tó ń bá áńtẹ́nà ṣètò, èyí tí wọ́n ń pè ní TUAAM. Ìtẹ́ agbọ́n alámọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìtẹ́ agbọ́n! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ lọ, ó sì tún gba owó àpótí náà lọ́tọ̀.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí n kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i. Ẹ́ńjìnnì mọ́, ó sì dún dáadáa. Ta ni yóò máa tọ wáyà kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, tó sì ti bu omi tútù fún un? Bóyá ó yẹ kí n tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gé wáyà pa mọ́ ni olè, kì í ṣe èmi.

Ẹ mú mítà lọ. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wọn bátìrì rédíò: bí kò bá tó nǹkan bíi 28 fólítì, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ má tẹ rédíò láti sọ̀rọ̀ láìsí áńtẹ́nà tàbí ohun 50 ohm tí a ń so dípò rẹ̀, kó má baà bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ béèrè àṣẹ kí ẹ tó rà á. Ní tèmi, n kò gba oníṣòwò ọkọ̀ ológun kankan gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá mi.

Ọkùnrin yẹn kò dá fráǹkì kan padà, kò sì gbé fóònù mi mọ́. Wọ́n ní ó ti gbé Land Rover mìíràn síta, rédíò wà nínú rẹ̀, iná ojú rẹ̀ sì ń tàn.