Férémù Downhill Tòkunbọ̀ Tí Mo Tò ní Iléṣà: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lóṣù Mẹ́jọ

Náírà 95,000 ni mo san fún férémù yìí, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, ṣọ́kì ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Iye tí mo ti ná lé e lórí láti ìgbà náà, ìyàwó mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán, ẹ má sì bá mi sọ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo máa gbé e kọjá ní Ẹrẹ́jà tí ẹnìkan ò ní dá mi dúró pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rèé, àbí kí ni?" Ẹ jẹ́ n kúkú jókòó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Kẹ̀kẹ́ downhill kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gùn lọ sọ́jà. Ká máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nìkan ni wọ́n ṣe é fún: orí òkúta, orí gbòǹgbò igi, ibi tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an yóò máa di ewéko mú. Ẹ̀yìn férémù rẹ̀ kò le gbagidi bíi ti Raleigh àwọn bàbá wa. Ó ní oríkèé, ṣọ́kì wà láàárín, táyà ẹ̀yìn sì lè gòkè tó 200 mìlímítà kó tún padà sáyè rẹ̀. Fọ́ọ̀kì iwájú náà gùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì di ọrùn férémù mú lókè àti nísàlẹ̀. Ohun tó mú wọn máa pè é lọ́kadà nìyẹn.

Ẹni tó tà á fún mi ní Èkó sọ pé Santa Cruz ni, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe kẹ̀kẹ́. Gbogbo férémù tó bá ti nípọn, Santa Cruz ni lẹ́nu tiẹ̀. V10 ni Santa Cruz ń pe kẹ̀kẹ́ downhill tiwọn, nítorí íńṣì mẹ́wàá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rìn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Tèmi ò pé íńṣì mẹ́jọ. Sítíkà ti ṣí kúrò lára rẹ̀, ẹnìkan sì ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún láti orí dé ìdí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé iṣẹ́ báyìí ló ṣe é. Álúmíníọ̀mù ni, táyà íńṣì 26 ló ń lò. Táyà 26 yìí ló jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2014 ni wọ́n ti ń fi í sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ downhill bọ́ sí 27.5, lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí 29, òyìnbó tó ní ti àtijọ́ wá ń sọ ọ́ sínú kọ̀ǹténà.

Fọ́tò ni mo wò tí mo fi sanwó. Ẹ ṣàmì sí ibẹ̀ yẹn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Nígbà tí mo gbà á ní gáréèjì tí mo gbé e délé, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi kẹrosíìnì pa gbogbo ojú ìjórin: ọrùn, ìdí ṣọ́kì, àwọn oríkèé ẹ̀yìn. Mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo nù ún títí aṣọ fi ń jáde ní gbígbẹ, mo wá lọ ẹfun ìkọ̀wé kúnná, mo bù ú lé e. Kẹrosíìnì tó bá ti wọnú ibi tó sán yóò máa sun jáde sára ẹfun náà, ojú rẹ̀ á wá dúdú bíi fọ́nrán òwú. Nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n so ṣọ́kì mọ́, mo rí ìlà kan tó gùn tó ìka ọmọdé. Àyà mi já. Mo mú réésà, mo ha ọ̀dà dúdú yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀ títí irin fi hàn, mo tún kẹrosíìnì pa, mo tún ẹfun bù. Funfun báláú. Ọ̀dà ló sán, irin ò sán.

Ajórinmọ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí ń wò mí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ní, "Bó bá tiẹ̀ sán, ẹ gbé e wá, ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irin géètì ló ń jó lójoojúmọ́, ó sì mọ̀ ọ́n jó. Álúmíníọ̀mù kẹ̀kẹ́ ò gba iná yẹn. Ó ní ẹ̀rọ tiẹ̀ àti gáàsì tiẹ̀, bí wọ́n bá sì jó o tán, iná yẹn gan-an ti mú kí ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin rọ̀, àfi tí wọ́n bá tún gbé odindi férémù náà sínú ààrò tí wọ́n ń ṣọ́ gbígbóná rẹ̀. Ta ló ní ààrò bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà? Bó bá jẹ́ pé ó sán lóòótọ́ ni, ara ògiri ni mi ò bá gbé e kọ́.

Ìgbà tí mo gbé rúlà ni mo tó mọ̀ pé mo ti wọ gàù. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn (ibi àárín táyà tí sípóòkì ti jáde) kẹ̀kẹ́ orí òkè tó wọ́pọ̀ nígboro, 135 mìlímítà ni fífẹ̀ rẹ̀. Tèmi, 150, ásù rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó gba àárín họ́ọ̀bù kọjá, sì nípọn tó 12. Gígùn ihò tí kíráǹkì (apá tí pẹ́dàlì wà lórí rẹ̀) ń gbà kọjá, 68 tàbí 73 là ń rí, tèmi, 83. Ọrùn rẹ̀ jẹ́ ti íńṣì kan àbọ̀, ọ̀pá fọ́ọ̀kì tí mo rí rà jẹ́ íńṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Kò sí ẹyọ kan nínú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tó wà nílé tí mo lè yọ nǹkan lára rẹ̀ fi síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi wáṣà dí àlàfo mìlímítà 15 yẹn, kí n fi họ́ọ̀bù kékeré síbẹ̀. Mo ní òun ni yóò kọ́kọ́ gùn ún sọ̀ kalẹ̀. Ó dákẹ́.

Oṣù méjì àtààbọ̀ ni mo fi wá họ́ọ̀bù àti kíráǹkì nìkan. Fọ́ọ̀kì, 160,000, ẹni tó tà á gbà kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni mí, Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wá káàkiri. Lórí fọ́ọ̀kì yìí, èmi ni wọ́n wá lóṣòó tì.

Bíárìn ni ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Mẹ́jọ ló wà nínú àwọn oríkèé ẹ̀yìn, mẹ́fà ti gan pa. Nọ́ńbà wà létí wọn: mẹ́rin jẹ́ 6902, mẹ́rin jẹ́ 6900. Mo mú ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò ọ̀kadà. Ó wò ó, ó gbé 6202 sí mi lọ́wọ́: "Ihò kan náà ni, ẹ tì í wọlé wò." Kò parọ́ o. Ihò àwọn méjèèjì, mìlímítà 15 ni. Àmọ́ ara 6902 fẹ̀ ní 28, ó nípọn ní 7, 6202 sì fẹ̀ ní 35, ó nípọn ní 11. Ibi tí èèyàn fẹ́ tì í sí nínú férémù ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò sí nínú ihò nìkan. Bíárìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ kì í sábà lò ó, nítorí náà àwọn oníṣọ́ọ̀bù wa kì í kó o. Ìbàdàn ni mo ti rí i, ní ọjà Àràròmí ní Gate, lẹ́yìn tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá. Ẹ mú èyí tó gan dání, kí ẹ sì ka nọ́ńbà fún wọn. Ẹ má ṣàpèjúwe.

Títì í wọlé ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Mo gbé bíárìn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún ìyá tó ń ta omi dídì ládùúgbò, ó fi wọ́n sínú fíríísà sáàárín píọ̀ wọ́tà di àárọ̀ (mànàmáná ò lọ lóru ọjọ́ yẹn, ẹ bá mi dúpẹ́). Nígbà tí mo dé, ó ní, "Ọkọ mi, ẹran rẹ ti dì o." Mo da omi gbígbóná sórí ihò férémù kó lè yà díẹ̀, mo nù ún, mo wá fi bóòtì gígùn kan, nọ́ọ̀tì àti wáṣà ńlá méjì fà á wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wáṣà yẹn ní láti tẹ etí òde bíárìn. Bó bá jẹ́ etí inú ló ń tẹ̀, bíárìn tuntun yẹn ti bàjẹ́ kó tó gun òkè kankan. Òòlù? Ẹ gbé e jìnnà.

Táyà àti ríìmù ni mo gbé tọ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Ó yí férémù náà ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ń di ẹrù sí lára eléyìí?"

"Bàbá, kò ní káríà o."

"Kẹ̀kẹ́ tí kò lè gbé àpò kòkó kan. Kí lo wá rà á fún?"

Mo ní eré ni mo fẹ́ máa fi ṣe. Ó wò mí bí ẹni wo aláìsàn, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun sípóòkì 32 wọ họ́ọ̀bù tí kò rí irú rẹ̀ rí. Kò gbé ìwọ̀n kankan. Ó so ẹ̀là ìgbálẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ríìmù, ó ń yí ríìmù náà, ó ń fetí sí ibi tó ti ń ha. Lẹ́yìn náà ó wá ń fi èékánná ta sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan bí onílù tó ń gbọ́ ohùn ọṣán. Èyí tó bá dún dòò, ó fún un ní ìdajì yíyí kan; èyí tó bá dún mí-ìn, ó tú u díẹ̀. Wákàtí méjì dín díẹ̀. 6,000 ló gbà. Oṣù márùn-ún ni mo ti ń fi ríìmù yẹn já lu òkúta, kò tíì yẹ̀.

Búréèkì ni ibi tí mo ti jẹ̀bi. Elépo ni, ti ilé iṣẹ́ Shimano, epo mínírà ni Shimano ń lò. Mo ní kí mẹkáníìkì ọ̀kadà kan bá mi yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, mo lọ ra nǹkan jíjẹ. Kí n tó dé, ó ti da omi búréèkì ọkọ̀ sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ DOT sí lára. Ọjọ́ méjì, ọwọ́ búréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọjọ́ kẹrin, mo tẹ̀ ẹ́, kò padà mọ́. Rọ́bà inú rẹ̀ ti wú. 35,000 tún lọ. Mẹkáníìkì náà ò mọ̀, èmi tí mo mọ̀ ni mo fi í sílẹ̀.

Sípíríǹgì ṣọ́kì tó bá férémù wá, 550 ni wọ́n kọ sára rẹ̀ (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni sípíríǹgì ṣe le tó). Kílò 74 ni mo wọ̀n. Mo jókòó lórí kẹ̀kẹ́, mo fara ti ògiri, ọmọ mi fi rúlà wọn bí ṣọ́kì ṣe rọ̀ tó: 14 mìlímítà nínú 76 tó lè rìn. Ti downhill, ó yẹ kó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi 23. Ṣọ́kì tó bá le jù bẹ́ẹ̀ ń ta èèyàn nù ni. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi 550 lọ́nà 14, ẹ fi 23 pín in, ó kù díẹ̀ kó pé 335. Mo ra 350 tòkunbọ̀, ó wá rọ̀ dé 22. Àwọn ìtẹ̀bọ̀ kékeré tó ń di ṣọ́kì mú ti jẹ, tọ́nà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, bá mi gbẹ́ tuntun láti ara álúmíníọ̀mù, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti òyìnbó lọ.

Kẹ̀kẹ́ náà wọn kílò 18 àti díẹ̀ lórí ìwọ̀n tí àwọn oníkòkó ń lò. Apá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti ń gùn ún, ní ọ̀nà oko lórí àwọn òkè ibẹ̀, kì í ṣe ibi omi Olúmìrìn tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ. Mo máa ń tì í gòkè ni, kò ṣeé wà gòkè, ẹ má tan ara yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di ìsọ̀kalẹ̀! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dé ibi gbòǹgbò ìrókò kan tó tò tẹ̀léra bí àtẹ̀gùn, ibi tí kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo di ọwọ́ mú, mo dìde dúró lórí pẹ́dàlì, mo sì gbọ́ ẹ̀yìn tó ń ṣe "fùú, fùú, fùú" lábẹ́ mi, ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n. Ewé kòkó gbígbẹ ló tàn mí jẹ nísàlẹ̀, táyà iwájú yọ̀, mo sùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, férémù ò ní ju ojú ibi kan tó ha lọ. Ohun tí mo bẹ̀rù jù níbòmíràn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni kòtò àwọn awagóòlù. Ọ̀nà tí ẹ gbà kọjá lóṣù tó kọjá lè ti di ihò tó jìn ju ọkùnrin kan lọ lónìí. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín kí ẹ tó gùn ún.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: ó ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ níbi oríkèé kan láti oṣù kẹta, gírísì ò gbọ́ tirẹ̀; àti pé bí irin kékeré tó di gíà ẹ̀yìn mú bá kán, mi ò mọ ẹni tó ní irú rẹ̀. Gbogbo owó rẹ̀ ti lé ní 540,000. Mo tún lè rà á? Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ pé ásù ẹ̀yìn, họ́ọ̀bù àti kíráǹkì wà lára rẹ̀. Férémù ìhòòhò, láéláé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó tà á fún mi tún pè. Ó ní òmíràn ti dé, òun ti ya fọ́tò rẹ̀, Santa Cruz gidi ni. Mo ní kó tún un yà, kó gbé rúlà sí àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tíì fi ránṣẹ́.